Ẹyẹ Kan Náà, Bèbè Méjì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá
Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òtútù ti ń lé àwọn ẹyẹ bọ̀, ẹnu odò wa ni wọ́n ń gbà jáde sí òkun, èmi ni mo ń kà wọ́n. Ahéré onípákó kan, àga kan, awò tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra. Ọ̀gá Déédéé — èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ — ní ẹnì kan á máa kà ní bèbè kejì. Iye wa gbọ́dọ̀ ṣe déédéé. Bí kò bá ṣe déédéé, a jẹ́ pé ẹyẹ kankan ò kọjá lọ́jọ́ náà.
Mo gbé awò sójú kí n wo ẹni náà. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Àwọn náà gbé awò sójú, wọ́n ń wò mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje
Ó di ọdún mẹ́ta tí a ti bára wa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹyẹ funfun kan ló bà sórí òrùlé lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá wa. Mo ní lékeléke ni. Wọ́n ní ẹyẹlé ni. Kó tó di ọ̀sán, a ti dórí ọ̀rọ̀ ẹni tí bàbá fẹ́ràn jù.
Èmi: igba ó lé mọ́kànlá. Ẹ̀gbọ́n: igba ó lé mẹ́sàn-án. Ẹyẹ kankan ò kọjá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá
Ìyá atukọ̀ tó ń kó èrò sọdá ló ń bá wa gbé ìwé iye láti bèbè kan dé èkejì. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ní mò ń ka èyí tó jókòó mọ́ èyí tó ń fò. Mo fèsì. Ó ní òun ò ní jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ òun kì í ru èébú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá
Òjò. Èmi: ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n: méjì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Ọ̀gá Déédéé wá, bàtà dídán nínú ẹrẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, òdo mẹ́sàn-án. Ó ní gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí, ẹyẹ ti tán. Tó bá fi máa di Ajé, òun á ti ahéré méjèèjì pa. Agbo ńlá kan ń kọjá lórí wa bó ṣe ń wí i. Ariwo wọn bo ohùn rẹ̀, ó ní kí n ní kí wọ́n dákẹ́.
Mo ní, "Àwọn wo, sà? Ṣebí wọ́n ti tán."
Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín nígbà tó lọ tán. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí ẹ̀gbọ́n mi báyìí — tí wọ́n bá tilẹ̀kùn, níbo ni mo tún ti fẹ́ rí wọn?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Ẹ̀gbọ́n mi ń wúkọ́. Mò ń rí i nínú awò, mi ò gbọ́ ọ. Mo ka ikọ́ náà: mẹ́rìnlá. Ti ẹyẹ, mi ò rántí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún
Atẹ́gùn yí padà, gbogbo wọn dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọ̀run kún bámúbámú. Mo kàn la ẹnu sílẹ̀ ni. Kí n tó rántí pé iṣẹ́ ni mo wá ṣe, ìrù agbo ti wọ inú kùrukùru.
Ìyá atukọ̀ mú ìwé ẹ̀gbọ́n mi dé. Ibi iye ṣófo. Lábẹ́ rẹ̀: "Mi ò kà á. Wíwò ni mò ń wò. Ìwọ ńkọ́?"
Mo wọ ọkọ̀.
Ní bèbè kejì, ẹ̀gbọ́n mi sún fún mi lórí pákó ìjókòó. Wọ́n ní, "Mélòó la máa pè é?" Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Wọ́n ní mẹ́jọ. A jiyàn títí oòrùn fi rẹlẹ̀, a fẹnu kò sí ẹgbẹ̀rún méje ó lé ọ̀kan. Wọ́n ní ọ̀kan tó lé yẹn láá jẹ́ kó dà bí òótọ́.

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́
Inú Ọ̀gá Déédéé dùn, ó bọ̀ wá lọ́wọ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ojú àwa méjèèjì ti rí nǹkan kan náà, ojú ẹnì kan ti tó. Kí ọ̀kan máa lọ ilé. Ká jókòó, ká yàn án láàrin ara wa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún
A ṣì jókòó. Mo ní èmi ni kó lọ, wọ́n ní àwọn ni. Ọjọ́ kẹrin ìjà yìí rèé, kò sí ẹni tó ń ka ẹyẹ.