Ọsàn Mẹ́wàá Láti Jópà

Ilé Oyèdélé,
Pópó Yemọja,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Tẹniọlá ọmọ mi, Àbẹ̀ní,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ará Èkó kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run tí kì í jẹ́ kí bàálù já lulẹ̀ yóò máa ṣọ́ ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń balẹ̀. Kòkòrò kankan kò ní jẹ èso rẹ, àti èyí tí ìjọba ní kí o máa ṣọ́ àti èyí tí Ọlọ́run yóò fi sínú rẹ lọ́jọ́ iwájú. Àmín. Èmi náà wà láàyè, orúnkún nìkan ló ń dùn mí. Òrùlé kò tíì jò lọ́dún yìí, adìẹ Yésúfù alágbàlá kejì ti pa ọmọ mẹ́jọ, wọ́n sì ti kun iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àwọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó ti bírò ni ọ̀rọ̀ Hilda àbúrò mi, ìyá tó tọ́ ọ. Mo mọ̀ pé o ti ń pè é lórí fóònù láti ọjọ́ yìí, kò sì gbé e. Má rò pé fóònù náà bàjẹ́. Orí tábìlì ló máa ń wà, Hilda á jókòó tì í, á máa wò ó bó ṣe ń dún, tó bá pẹ́ á fi ìborí bò ó. Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ, bí wọ́n ṣe ń to fáìlì. O mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Mápó, fáìlì kankan kò sọnù lọ́wọ́ mi, àfi ọ̀kan tí ewúrẹ́ jẹ, wọ́n sì rí ewúrẹ́ náà.

Hilda lọ sí Jerúsálẹ́mù pẹ̀lú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, o mọ̀ pé ó ti ń múra rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n yà ní Jópà, ó sì ra ọsàn mẹ́wàá níbẹ̀, ó ní òun kò lè ti ilẹ̀ mímọ́ dé kí òun na ọwọ́ òfìfo sí ará ilé. Nígbà tí wọ́n dé pápákọ̀ Èkó, wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù béèrè bóyá ó gbé èso tàbí irúgbìn tàbí iyẹ̀pẹ̀ dání, Hilda kọ pé rárá. Ọ̀gá rẹ tí ẹ jọ ń yẹ èso wò ní irọ́ ni. Hilda kò purọ́. Kó tó wọ bàálù ló ti gbàdúrà sórí ọsàn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì ti fi wọ́n fún àwọn tó ni wọ́n: ti àlùfáà, ti àwọn akọrin, tèmi, tìrẹ. Ẹ̀bùn tí èèyàn ti fi fúnni kì í ṣe ẹrù rẹ̀ mọ́, ó kàn ń bá wọn gbé e bọ̀ ni. Mo yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò síwá sẹ́yìn, n kò rí ibi tó ti wọ́. Bí Yésúfù bá fi iṣu rán mi sí ọ, ṣé èmi ni mo ni iṣu?

Ó ní bí òun ṣe rí ọ nídìí tábìlì pẹ̀lú aṣọ ìjọba lọ́rùn rẹ, inú òun dùn, òun rò pé òun ti délé. O kúnlẹ̀, o kí i, ẹnikẹ́ni kò lè ní o kò kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà lo dìde, o ní kó jọ̀ọ́ kó ṣí báàgì rẹ̀. Ó rán yín létí pé ní Jópà yẹn gan-an ni Ọlọ́run ti kìlọ̀ fún Pétérù pé kó má ka ohun tí Òun ti sọ di mímọ́ sí àìmọ́. Ọ̀gá rẹ dáhùn pé Pétérù kò wọ bàálù. Èyí kò dára lẹ́nu rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà kò rí ibi tí Pétérù ti wọ bàálù. Ọsàn mẹ́sàn-án lo kó sínú ọ̀rá, o dì í, o ní kí ìyá rẹ fọwọ́ síwèé pé o ti gbà á, ìyàwó àlùfáà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà tó ń wò. Hilda kò sunkún ní pápákọ̀, kò sunkún lójú ọ̀nà. Ìgbà tí wọ́n dé Tólgéètì ló tó bẹ̀rẹ̀.

Tẹniọlá, láti ìgbà tí ìyá tó bí ọ ti kú, tí o wà ní ọmọ ọdún méjì, tí Hilda tí kò bí tirẹ̀ ti gbé ọ pọ̀n, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Hilda mọ́ ní Pópó Yemọja àfi èmi. Màmá Tẹniọlá ni nílé, Màmá Tẹniọlá ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni wọ́n kọ sára àga tó fi ta ìjọ lọ́rẹ. Ọjọ́ kejì tó dé, ó pe gbogbo ará ilé jọ, ó ní orúkọ yẹn ti parí, Ìyá J.P. ni kí wọ́n máa pe òun, torí ìwé ẹ̀rí arìnrìn-àjò mímọ́ tí wọ́n fún òun ní Jerúsálẹ́mù kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀rá dì í. Muslimat tó ń ta èso ní Oríta-mẹ́rin ṣèèṣì pè é ní Màmá Tẹniọlá, kò dáhùn, ó sì dá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti yàn padà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Mo ti dàgbà, ẹ̀yin méjèèjì ni mo ní.

Ṣùgbọ́n ọsàn mẹ́wàá ló rà, mẹ́sàn-án lo gbà. Ìkẹwàá wà nínú bàtà. Má bínú, òótọ́ ni mo ń kọ. Ó gbé e jáde níwájú mi, ó pọ́n, ó ń dán, ó ní òun fẹ́ gbé e sí ìdí igi ọsàn tó wà láàárín àgbàlá kó jẹrà síbẹ̀, kí ìbùkún ilẹ̀ mímọ́ lè wọ inú gbòǹgbò. O mọ igi tí mò ń wí. Ìdí rẹ̀ la sin ìwọ́ rẹ sí nígbà tó já, igi rẹ ni, ọsàn rẹ̀ la fi ń tọ́ ọ nígbà tí ikọ́ ń ṣe ọ́. Bó ti ń bínú sí ọ tó, igi rẹ ló fẹ́ gbé ìbùkún náà fún. Mo rí i.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí àlàyé tí o ṣe fún mi lórí Wásáàpù. O ní eṣinṣin kan wà tó máa ń gún ọsàn bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́, á yé ẹyin sínú rẹ̀, ojú kò ní rí nǹkan kan. Ẹyin á di ìdin, ìdin á bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀, á di eṣinṣin, á wá gún gbogbo ọsàn àdúgbò. O ní ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń béèrè ìwé ìlera lọ́wọ́ èso kó tó wọ̀lú. Ó yé mi dáadáa. Ohun tí kò yé mi ni bí dókítà wọn ṣe ń mọ ibi tó ń dun ọsàn, àti ìdí tí ẹ kò fi mú ìdin kí ẹ fi ọsàn sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìdin ni kò níwèé. Bí ẹ bá sì dá ìdin padà sí ìlú rẹ̀, ta ló ń san owó bàálù? O tún ní àwọn kan máa ń kó èso sínú òtútù fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú ọkọ̀ ojú omi kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Ìyẹn dára fún ọkọ̀ ojú omi. Fíríìjì tiwa níbí, iná tó ń rí kò tó èyí tí ìdin yóò fi wúkọ́.

Mo gbé fóònù lọ sí Bẹẹrẹ, ọmọbìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bá mi yọ àwòrán ìwé ìlera tí o fi ránṣẹ́, mo ní kó ṣe ogún. Òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì ṣì wà, tí wọ́n kọ A TI RÍ I GBÀ sí lára. Láti ọjọ́ náà, èso kankan kò wọ ilé yìí láìní ìwé. Muslimat gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, mo bá a kọ ọ́: ìlú tí èso ti wá, ó ní ọ̀dọ̀ àna òun ní Ìdó, ọkọ̀ tó gbé e, ó ní orí òun, ìtọ́jú tí wọ́n fún un, ó ní òun rọra gbé e. Mo tọ́ méjì wò, mo lu òǹtẹ̀, ó wọlé. Yésúfù kò gbà láti kọ ti ìbẹ́pẹ tó gbé wá kí mi, ìbẹ́pẹ náà wà lẹ́nu ọ̀nà títí ẹyẹ fi jẹ ẹ́ tán.

Ọsàn Jópà kò níwèé. Mo sọ fún Hilda pé n kò lè jẹ́ kó dé ìdí igi. Ó wò mí, ó ní ṣé èmi náà. Mo ní kì í ṣe èmi, ìlànà ni. A jà díẹ̀. A wá ṣe àdéhùn: mo fi ọsàn sínú ìgò ńlá tí wọ́n fi ń ta súìtì, mo fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó lẹ́nu, mo fi rọ́bà dè é, mo gbé e síwájú àwòrán bàbá wa fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí nǹkan kan kò bá jáde, ọsàn á lọ sí ìdí igi, ìwọ á sì wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ níwájú ìyàwó àlùfáà. Mo ti fi orúkọ rẹ jẹ́jẹ̀ẹ́ kí n tó rò ó, má bínú. Ojoojúmọ́ ló ń kọrin fún ọsàn náà. Ọjọ́ karùn-ún, ó ṣì ń dán, ó ní kí n kọ̀wé pè ọ́ wálé. Mo mú bírò, mo tún gbé e sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí rẹ.

Àná ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án. A dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, à ń mu ẹ̀kọ, mo rí i pé ọsàn ti rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ihò kan sì wà níbẹ̀ tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ìdin kan yọ orí níbẹ̀, ó jáde, ó ká ara rẹ̀ kò, ó sì fò bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìgò. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìdin ń fò. Òmíràn tẹ̀ lé e. A ka mọ́kànlá. Hilda ti ẹ̀kọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá bi mí pé ọsàn mélòó ni ọmọ yẹn gbà lọ́wọ́ òun, mo ní mẹ́sàn-án. Ó wo igi rẹ láàárín àgbàlá, ó ní ìdí igi yẹn ni òun ì bá gbé e sí o. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, eṣinṣin ibẹ̀ ni kò mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé omi kaná, tó da omi híhó lé gbogbo rẹ̀ lórí, ìgò sì fọ́. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ. Èkó ni ìwọ ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ọ́.

Láàárọ̀ yìí, mo bá a lábẹ́ igi, ó ní kí n fi ọ̀pá ká ọsàn mẹ́sàn-án, kò gbọdọ̀ jẹ́ mẹ́jọ, kò gbọdọ̀ jẹ́ mẹ́wàá. Mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, mo gbé e sétí, mo kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀: ìlú tí èso ti wá, Pópó Yemọja, ọkọ̀ tó gbé e, Nojeem. Nojeem ni awakọ̀ tó ń gbé èrò láti Ìbàdàn wá sí Èkó, òun ló mú lẹ́tà yìí àti ọsàn náà wá. Ibi tí ẹlẹ́rìí yóò ti fọwọ́ sí wà nísàlẹ̀ ìwé, Hilda gba bírò, ó kẹ̀yìn sí mi, ó kọ ọ́, ó pa á dé, kò jẹ́ kí n rí i.

Owó tí mo fẹ́ kí o fi rán Nojeem kò pọ̀. Ti ìgò súìtì míì, ti awò tó ń sọ kékeré di ńlá, ti yíǹkì òǹtẹ̀, àti ti ìbẹ́pẹ Yésúfù, torí kò kí mi mọ́. Má fi í sí báńkì o. Mo ti ka fọ́ọ̀mù wọn, kò síbi tí wọ́n ti béèrè ibi tí kòkòrò wà.

Ọmọ mi, ibi kò ní gba ẹnu ọ̀nà tí o ń ṣọ́ kọjá. Èyí tí ojú rẹ kò bá rí, Ọlọ́run á bá ọ rí i. Ọwọ́ tí o fi gba ọsàn lọ́wọ́ ìyá rẹ kí ọsàn àwa tó kù má bàa jẹrà, ọwọ́ náà kò ní rọ láé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Obed Oyèdélé,
Mẹ́séńjà Àgbà (ó ti fẹ̀yìn tì).

Mo tún ṣí lẹ́tà yìí. Nojeem ti tan ọkọ̀ kí n tó rántí pé n kò tíì lu òǹtẹ̀ sí ìwé ọsàn, o sì mọ̀ pé èèyàn kì í lu òǹtẹ̀ sí ìwé tí kò kà. Mo ní kó dúró. Níbi ẹlẹ́rìí, kò kọ Hilda, kò sì kọ Ìyá J.P. Màmá Tẹniọlá ló kọ, gàdàgbà gadagba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìsàlẹ̀ ìwé. Mo ti lu òǹtẹ̀ lé e: A TI RÍ I GBÀ.