Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tí Kò Gba Àárò Yín

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Ẹ má bínú, ohun kan wà tí mo ti ń fi pa mọ́ fún yín. Mo ti ní ọkọ! Àkàndé ni, olùkọ́ tó máa ń sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kó tó kí yín lójú ọ̀nà oko. Wọ́n gbé e lọ kọ́ni ní apá Ọ̀nà-Àrà, lẹ́yìn Ìbàdàn lọ́hùn-ún. A kò fẹ́ jìnnà síra wa, la bá sáré lọ tọwọ́ bọ̀wé ní kọ́ọ̀tù.

Bàbá, ayọ̀ yìí pọ̀! Mo ń fọ abọ́, mo ń kọrin. Lánàá, mo gún iyán tó kún fún kókó. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́, ó ní, “Ìyàwó mi, iyán yìí mà kúnná o!” Ẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú yín.

Àmọ́ tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́, ilé a pa lọ́lọ́. Mi ò tíì mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò yìí. Ìgbà náà ni mo máa ń rántí bí ẹ ti í wúkọ́ kí ẹ tó wọlé, kí á lè tètè gbé àpótí ìjókòó yín síta. Ta ló ń gbé e fún yín báyìí?

Ṣé ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ń fi òrí pa orúnkún, tí ẹ ní kí n kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ òyìnbó kan? Mo kọ́ yín ní “sọ́fà”. Mo ní ìyà jíjẹ ni. Mo ní ẹni tí ibà ń ṣe, ó ń sọ́fà. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n nà, ó sọ́fà. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú, òun náà sọ́fà. Ẹ pariwo: “Bọ́ọ̀lù àti òkú? Òyìnbó mà láhun o! Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan fún gbogbo ẹ̀!” Látọjọ́ náà, bí orúnkún bá ń ro yín, ẹ ó ní, “Ọmọ mi, sọ́fà ti dé.”

Èyí tó ń ṣe mí báyìí wá ńkọ́? Ìyà kò jẹ mí. Ara mi le. Ọkọ mi fẹ́ràn mi. Sọ́fà kò gbà á. Àárò yín ló ń sọ mí, àti pé mo jáde nílé yín láìsunkún. Ọmọbìnrin wo nílùú wa ló lọ sílé ọkọ láìsun ẹkún ìyàwó lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀, kí bàbá gbọ́wọ́ lé e lórí, kó súre fún un? Ẹ̀rín ni mo rín wọ kọ́ọ̀tù. Ta ló súre fún mi?

Bàbá kékeré, àbúrò yín, ní kí n wá sun ún, òun á jókòó dípò yín. Màmá ní, “Ẹ ó jókòó síbo? Baálé mi ṣì wà níwájú ilé níbi tí a sin ín sí. Ibẹ̀ lọmọ rẹ̀ á kúnlẹ̀.” Bàbá kékeré ní òun á kúkú gbé àpótí yín síbẹ̀.

Mo ti ń kọ́ ẹkún náà nígbà tí mo bá dá wà. Bí mo bá ti dé ibi tí mo ti ń pè yín, ohùn mi a há. Bí ó bá há lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wúkọ́ díẹ̀, kí n lè mọ̀ pé ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà.

Èmi ni, ọmọ yín, ìyàwó tí kò tíì gbàre.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Kọkànlá ni ẹkún náà. Gbogbo ẹbí gbọ́dọ̀ ti dé Ìrókò, ìlú wa, kí oòrùn tó mú. Ẹ̀yin náà, Bàbá mi.