Léèsì Tí Màmá Fi Sílẹ̀ Lórí Ìrọ̀rí

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2014
Ọ̀jọ̀gbọ́n Gorjup tún pè láti Ljubljana, olú ìlú Slovenia. Ó ń bọ̀ wá sí Cleveland níbí, ní Amẹ́ríkà, fún àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí ìtàn, àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwa ọmọ Slovenia. Ó fẹ́ yá ìrọ̀rí líle tí Màmá máa ń fọwọ́ hun léèsì lé lórí, kí wọ́n lè gbé e síbi àfihàn. Mo ní rárá. Ó ní òun á tún pè lọ́la.

Ìṣẹ́gun, 7
Ó pè. Mo gbà. Àdéhùn kan ṣoṣo — ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí Màmá ti kú, léèsì tó ń ṣe lọ́wọ́ ṣì wà lórí ìrọ̀rí náà. Gbogbo píìnì wà níbi tó gún wọn sí. Àwọn igi òwú, igi kéékèèké tó ká òwú mọ́ láti fi hun ún, ṣì so rọ̀. Ẹnu ni mo fi ń fẹ́ eruku rẹ̀. Kò ju ìwọ̀n ìka méjì lọ tó kù kó parí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ìkẹyìn nìyẹn. Mi ò ní òmíràn.

Ọjọ́rú, 8
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ivanka, ti gbọ́. "Stane, o wá rántí gbé pósí yẹn jáde nílé?" Pósí ló máa ń pè é. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó ju igi òwú sílẹ̀, tó ní òun ò ṣe léèsì mọ́ láéláé. Màmá ò dárí jì í. "Ẹ káàárọ̀" àti "ó dàbọ̀" ló kù láàárín wọn títí Màmá fi kú. Mo ní ṣé ẹ máa wá síbi àpérò? Ó ní kí lòun fẹ́ wá wò.

Ọjọ́bọ̀, 9
Mo gbé e dé gbọ̀ngàn. Wọ́n kọ "Ẹ má fọwọ́ kàn án" sí i lára ní èdè méjì. Mo ya àwòrán ọwọ́ kún un.

Ẹtì, 10
Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ọgọ́rin ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ lórí kókó òwú kan ṣoṣo nínú léèsì Màmá. Ó ní ọgbọ́n àtinúdá tí irú rẹ̀ ò sí ni. Àǹtí Minka, ọmọ Idrija, ìlú àwọn oníléèsì ní Slovenia, bíi Màmá, jókòó tì mí. "Àtinúdá wo? Àṣìṣe ni jàre! Ojú Pavla ìyá rẹ ti ń ṣú nígbà yẹn." Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́. Wọ́n ní ká lọ jẹ potica, àkàrà dídùn ilẹ̀ wa.

Àbámẹ́ta, 11
Léèsì ti gùn sí i.
Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ bá Àǹtí Minka. Kò tiẹ̀ jiyàn. "Ọmọ mi, ta ló lè rí ìrọ̀rí tí iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ kó má jókòó tì í? Ìlà méjì péré ni mo ṣe." Àwọn ìyá méjì míì náà jẹ́wọ́, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Inú bí mi gan-an. Mo fẹjọ́ sun Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní ṣé òun lè kọ ìwé nípa rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ mí títí kí n fi í sílẹ̀ di ọ̀la.

Àìkú, 12
Ó ti parí.
Àǹtí Minka búra pé òun kọ́. Mo gbà á gbọ́. Ìlà tàwọn ìyá yẹn dán, ó dọ́gba. Apá ìkẹyìn yìí fún pinpin níbì kan, ó dẹ̀ níbòmíràn, bí iṣẹ́ ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Mo dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo wá mọ ọwọ́ ẹni tó ṣe é.
Mo pe Ivanka. Ó ní òun kàn ń kọjá lọ níwájú gbọ̀ngàn lánàá ni.
Mo ní, ẹ ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é?
Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo tú u, kí n tó rí i ṣe."
Mo bú sẹ́kún. Mo gbọ́ ti òun náà lórí fóònù. Mo ní píìnì ṣì wà lára rẹ̀, mi ò lè dá a yọ.
Ó ní òun ti ń wọ bàtà.