Mo Ní Mi Ò Fẹ́

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìtọ́jú Dádì. Ara mi le, òtútù Amẹ́ríkà ò tíì pa mí.

Ẹ béèrè nípa àríyá tí ọ̀gá tó ni iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà wa ṣe nílé rẹ̀. Oúnjẹ pọ̀, Mọ́mì! Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti gba fóònù gbogbo wa. Nígbà tó yá, ọ̀gá fà mí lọ́wọ́ pé ká lọ sí yàrá òkè.

Mo ní, "Mi ò fẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ mi ni ìwé ìgbélùú rẹ wà?"

Mo já ọwọ́ mi gbà, mo sì jáde. Lúsíà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ò rí ọ̀nà jáde ní tiẹ̀.

Láti ìgbà náà, wọn ò fún mi níṣẹ́ ṣe mọ́, mo kàn ń sinmi ni. Èmi àti Lúsíà ti gba lọ́yà. A máa sọ ọ́ níwájú adájọ́. Ọ̀gá ní tí mo bá sọ̀rọ̀, òun á jẹ́ kí wọ́n lé mi padà sí Nàìjíríà. Màá sọ̀rọ̀. Yàrá mi ní Festac ṣì wà, àbí?

Ẹ bá mi kí Dádì. Ẹ kí àwọn ará ìjọ, kí wọ́n dárúkọ Lúsíà nínú àdúrà.

Ọmọ yín,
Tẹjúmádé