Ìwé Ìhágún Nítorí Lámilámi Tó Dorí Kodò

Èmi, Isokichi, ọmọ Yohei apẹja, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, tí mo ń tẹ wúrà sára irin ní ilé iṣẹ́ ọ̀gá mi Gonroku ní ìlú Kanazawa, ń kéde pé ọpọlọ mi pé pérépéré. Heisuke, ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́, ní kò pé. Ẹ má dá a lóhùn. Òun kọ́ ló ń kú lọ.

Ohun tó ń pa mí nìyí. Jagunjagun Tsukada ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ òní wá gba tsuba rẹ̀, ìyẹn awo irin tó máa ń wà láàárín èèkù àti ojú idà. Lámilámi ló ní ká ṣe sí i, nítorí lámilámi kì í fò sẹ́yìn. Mo fi wúrà ṣe é, ó dán débi pé oòrùn ń jowú. Àfi pé mo gbàgbé pé bí idà bá wà lọ́já ìbàdí, òkè ni ẹnu rẹ̀ ń wò. Bí Tsukada bá ti fi idà há ọ̀já, lámilámi yóò dorí kodò, ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lókè, bí eṣinṣin tó kú sínú ọbẹ̀. Ìbínú ọkùnrin náà lè se ìrẹsì jinná láìdáná. Ọ̀gá sì ti búra: "Bó bá kọ̀ ọ́, ìdí àwọ̀n bàbá rẹ lò ń padà sí!" Ikú kejì nìyẹn. Nítorí náà:

Kìíní. Òòlù mi àti gbogbo irin ìfín mi di ti Heisuke. Ó ti ń mú wọn lò láìtọrọ tẹ́lẹ̀. Kó kúkú máa mú wọn ní gbangba.

Ìkejì. Ológbò mi, olè paraku, mo há a fún Ìyá Àgbà, ìyá ọ̀gá, tí í ṣe alámòójútó ogún yìí. Àwọn méjèèjì ń bú ara wọn láràárọ̀. Ìfẹ́ ni.

Ìkẹta. Òdòdó fàdákà tí mo fi èérún ṣe, ti Onui ni, ọmọ oníwàrà sóyà. Mo fi lọ̀ ọ́ rí, ó ní, "Ṣé èyí náà lo fún àwọn tó kù?" Onui, kò sí ẹni tó kù. Wàrà yín kì í bá mi lára mu rárá, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni mo ń wá rà á.

Ìkẹrin. Fún ẹni tí yóò jókòó sáyè mi: fín ojú irin lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì, lọ sísàlẹ̀, títí yóò fi rí bí aṣọ híhun. Lẹ́yìn náà ni kí o lẹ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn, kí o sì máa fi òòlù lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ojú fífín náà ló ń di wúrà mú. Bí o bá ṣọ̀lẹ, yóò ṣí bí èépá ẹgbò. Tèmi kò lè ṣí. Ọ̀gá gbìyànjú láti yọ lámilámi yẹn láàárọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ọmọ burúkú, ta ló ní kí o mọ iṣẹ́ tó báyìí?"

Ìkarùn-ún. Ẹ dúró ná. Ọgbọ́n kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sí mi lórí.

Mo ti padà dé. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́. Mo fi fàdákà tẹ ìgbì omi wẹ́ẹ́rẹ́ sókè ẹsẹ̀ lámilámi náà, mo sì se irin náà nínú omi tíì títí tó fi tún dúdú. Tsukada dé. Ó fi idà há ọ̀já, ó tẹrí wò ó. Iwájú orí ọ̀gá ti kan ẹní.

"Kí ló dé tí èyí fi dorí kodò?"

"Ọlọ́lá, òjìji rẹ̀ nínú omi lẹ̀ ń wò," mo dá a lóhùn.

"Lámilámi gan-an wá dà?"

"Ẹ̀yin ni, Ọlọ́lá. Ẹ̀ ń fò lókè omi."

Heisuke húkọ́ kó má baà rẹ́rìn-ín. Tsukada dìde, ó gbé àyà síwájú, ó yan jáde, apá méjèèjì ṣí díẹ̀ bí ìyẹ́.

Ọ̀gá gbórí sókè. "Lọ́la, lámilámi ni wàá máa fín, òmíràn lórí òmíràn, títí wàá fi mọ ibi tó ń jẹ́ òkè!"

Ẹ̀yin ajogún, ẹ fara balẹ̀. Lọ́la ni ọ̀gá wí.

Mo fọwọ́ sí i: Isokichi, tó ṣì ń mí.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ, ọdún kejìlá sáà Tenpō.
Ẹlẹ́rìí: Heisuke, tinútinú kọ́.
Ẹlẹ́rìí: Ìyá Àgbà, tó ní òun kò rí lámilámi kankan, ọmọ elẹ́nu dídùn nìkan lòun rí.