Ohùn Gígùn Inú Orin Kẹwàá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Alága ẹgbẹ́ olórin wá kí wa. Ó jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó sí, láàárín aṣọ tí mi ò tíì gé, ó ń fi ìka ro etí. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ẹ̀. Orin mẹ́sàn-án ti wọnú àwo tuntun wọn. Ó ku ẹyọ kan, orin tí ọkọ mi, oníjìtá wọn, fúnra rẹ̀ ṣe, tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan, tó jẹ́ pé jìtá ló ń kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tó bá di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tí a ò rí nǹkan ṣe sí i, wọ́n á gbé e fún oníjìtá ẹgbẹ́ míì.

Gbajúmọ̀ mi, olówó orí mi, wo ọwọ́ òsì rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ sọ di ẹrù láti oṣù kejì. Ó ní kí wọ́n gbé e fún onítọ̀hún. Ó dìde, ó lọ dùbúlẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Kò jẹun àárọ̀. Èmi náà ò lè jẹ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo ń rò ó lórí máṣíìnì títí mo fi rán apá ẹ̀wù kan sódì. Ẹ gbọ́ ná — ọwọ́ òsì ló ń tẹ okùn mọ́ ọrùn jìtá, ọwọ́ ọ̀tún ló ń ta á. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dá ṣáṣá. Èmi sì ní ọwọ́ òsì. Kí ló wá kù?

Ìgbà tí mò ń bá a wẹ ẹ̀yìn ni mo sọ ọ́. Ó fi imú rẹ́rìn-ín. Ó ní jìtá kì í ṣe ihò bọ́tìnnì. Mo ní, “Ẹ kọ́ mi. Tí mi ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé e fún ẹni yẹn.” Ó kàn tún kọ ẹ̀yìn sí mi kí n máa wẹ̀ ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kò sọ pé rárá, mo sì mọ ọkọ mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

A bẹ̀rẹ̀. Jìtá lórí itan rẹ̀, èmi lórí àpótí tí mo máa ń jókòó lé ránṣọ, ní ọwọ́ òsì rẹ̀, èjìká kan èjìká. Ó ta á, mo tẹ̀ ẹ́. Kò! Bí ẹni ń kan abọ́. Orí ìka mi ti pọ́n, èmi tí abẹ́rẹ́ ti ń gún láti ogún ọdún.

Ó ní orin náà kò le. Ohùn gígùn tó wà láàárín rẹ̀ ni iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dúró pẹ́, kó má gbọ̀n, kó má há, kó má kánjú. Tèmi ti kú kó tó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí okùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ó lọ sí ọsibítù níbi tí wọ́n ti ń na ọwọ́ fún un. Ó ku èmi nìkan. Mo ní tí ohùn ò bá fẹ́ dúró, a á fún un lágbára. Mo yí gbogbo bọ́tìnnì ara sípíkà tí jìtá ń gbà sọ̀rọ̀ dópin, mo tún fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń mú ohùn bú ramúramù. Ó dúró lóòótọ́. Àmọ́ ó ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Tíṣà tó ń gbé lókè wá kan ilẹ̀kùn, ó béèrè bóyá àlàáfíà ni.

Ẹnu ọ̀nà ni Gbajúmọ̀ ti gba ìròyìn. Ó wọlé, ó dín ẹ̀rọ ẹsẹ̀ náà kù sí ìdajì, ó yí bọ́tìnnì tó ń mú kí ohùn mú ṣàṣà wálẹ̀. Ó ní ariwo ni mo rí, ohùn ni òun ní kí n wá. Ó tún ní kí n fi ìka sún mọ́ irin tó dábùú ọrùn jìtá, ní ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, kí n má fún okùn lọ́rùn. Kó rọ̀. Kó máa lọ geere.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ojú ń tì mí láti kọ èyí.

Ó ní kó máa lọ geere. Tí máṣíìnì mi bá ń wọ́, kí ni mo máa ń ṣe? Mo bu epo máṣíìnì sórí àkísà mímọ́, mo fi pa okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti òkè délẹ̀, mo tún fi nu àwọn irin ọrùn rẹ̀. Inú mi dùn sí ara mi. Mo pè é kó wá gbọ́.

Ó ta á. Bù. Bí ẹni na aṣọ tútù mọ́lẹ̀. Ó wo okùn, ó gbóòórùn ìka rẹ̀, ó wo máṣíìnì, ó wo mí. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń wọ́ sápá kan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ti ń ta jìtá láti ìgbà èwe, òun ò rí ẹni tó fi epo bọ ọ́ rí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún, torí mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti oṣù kejì. Ó fi ọwọ́ elépo nu ojú mi. Gbogbo okùn náà la tú dànù. Ó ránṣẹ́ sí Alága fún òmíràn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Okùn tuntun. Ó ní mo máa ń gbé ìka kúrò nígbà tí ohùn ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá parí sí lèmi ti ń gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì, iṣẹ́ ló kọ́ mi. Mo mú sùúrù. Mo ka ení, èjì, títí dé ẹ̀fà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ó ní ká kọjú sí sípíkà, ká máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Níbì kan báyìí, okùn gba ohùn ara rẹ̀ padà láti ẹnu sípíkà, ó kọ̀, kò kú mọ́. Mo ka dé mọ́kànlá. Gbogbo irun ara mi dìde.

Ó kù díẹ̀ káàtó ṣáá. Ohùn náà dúró gbagidi. Ó ní kí n máa mi ìka jẹ́jẹ́ lórí okùn kí ohùn lè máa mì bíi tẹni tó ń kọrin; mímì, kì í ṣe gbígbọ̀n. Ọrùn ọwọ́ mi kọ̀.

Nígbà tí a ń sinmi, mo bi í léèrè ẹni tó ṣe orin náà fún. Ó ní lọ́dún tí mo fi ogójì ọjọ́ wà ní ọsibítù, tóun bá ti dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, òun kì í mọ ohun tóun lè sọ. Tóun bá délé lòun máa ń ta á. Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin yìí ò sọ ọ́. Mo gbé áyọ́ọ̀nù, mo lọ aṣọ tí mo ti lọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀la ni. Orí ìka ń ta mí. Tí mo bá bà á jẹ́, ẹlòmíì ni yóò bá a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Yàrá kékeré tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, fóòmù lára ògiri. Ẹ̀ẹ̀kínní, mo tètè tẹ okùn. Ẹ̀ẹ̀kejì, sípíkà ké ju bó ṣe yẹ lọ. Alága ní ká fara balẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń wo aago.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, a dé ibi ohùn gígùn. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dúró, ọwọ́ mi gan paali. Àfi bí mo ṣe rí i tí nǹkan wúwo lé mi lọ́wọ́. Gbajúmọ̀ ti fi èjìká ju ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, pẹ̀lú àwọn ìka tí kò lè ká kò, ó gbé e lé ọrùn ọwọ́ mi. Èjìká ló fi ń mì ín, jẹ́jẹ́, síwá sẹ́yìn. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kì í ṣe èmi. Èmi kàn di okùn mú ni. Ó lọ, ó lọ, títí ó fi tán fúnra rẹ̀.

Alága ní ká gbọ́ ọ. Ó dára. Ó dára ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ síbí. Àmọ́ níbi tí ohùn gígùn náà tán sí, a gbọ́ èémí kan, ó jáde hàà. Èmi ni. Mi ò mọ̀ pé mo sé èémí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń bẹ̀bẹ̀. Alága ní kì í ṣe wàhálà, òun lè gé e, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Gbajúmọ̀ gbọn orí.

“Ẹ má gé e,” ó ní. “Ibẹ̀ lorin náà parí sí.”