Ìkíni Màmá Àgbà Létí Ọ̀sà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Mo rò pé mo ti parí fídíò orin Sènà, ọmọ kíláàsì mi, láàárọ̀. Ọ̀tunla la máa fi han olùkọ́ wa.

Bí a ṣe ṣètò ẹ̀ ni pé Sènà á máa kọrin létí ọ̀sà, Màmá àgbà mi á gbé agbọ̀n ẹja kọjá lẹ́yìn ẹ̀, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la yà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n dúró, tí wọ́n kọjú sí wa, tí wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní ṣé èèyàn á rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kó má kí i?

Sènà ní kí n gé wọn kúrò. Mi ò lè gé wọn, ìrìn wọn dùn ún wò jù. Mo kàn pa ohùn wọn, mo fi orin bò ó.

Nírọ̀lẹ́ mo gbé fóònù fún wọn. Mo ń retí ẹ̀rín. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá tọ́ka sí ara wọn níbẹ̀. "Mo kí yín níbí. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn."

Òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, kò sẹ́nì kan nínú wa...

Mo pe Sènà, ó fi ohùn ránṣẹ́. Mo dá orin dúró díẹ̀, mo dá ohùn Màmá padà, mo fi tiẹ̀ tẹ̀lé e: "Ẹ ṣé o, Màmá."

Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n mirí, wọ́n dá fóònù padà fún mi.

"Ó ti parí báyìí."